Ìdí tí ajá fi ń fà wá lójú títì, àti bí a ṣe ń kọ́ ọ láti rìn jẹ́jẹ́

Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò kan ní Àkóbọ̀ tàbí ní Olúyọ̀lé, nílùú Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ẹnì kan tí ajá ń wọ́ lọ. Ajá á wà níwájú, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta, okùn á le bí igi. Olówó rẹ̀ á máa sáré tẹ̀lé e, ọwọ́ kan lórí okùn, ọwọ́ kejì lórí fìlà kó má baà jábọ́. Bí ewúrẹ́ bá kọjá, ọ̀nà ewúrẹ́ ni àwọn méjèèjì ń gbà. Bí òórùn àkàrà bá fẹ́ wá láti oríta, oríta ni wọ́n ń yà sí. Èmi náà ti jẹ́ ẹni tó di fìlà mú yẹn fún oṣù mẹ́rin gbáko, nígbà tí mo gba ọmọ ajá kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ìbílẹ̀, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Alsatian, tí mo sì rò pé ajá tí ojú rẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìrìn fúnra rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n mi nígbà náà. Aládùúgbò kan ní kí n lọ ra ṣéènì tó nípọn. Òmíràn ní kí n máa já okùn náà gbì nígbàkúùgbà tí ajá bá ti fà. Ẹnì kẹta, tó ti ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ajá náà fẹ́ jọba lé mi lórí ni, pé kí n máa jẹun tán lójú rẹ̀ kí n tó bu tirẹ̀ fún un. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò wa, tí bàbá tirẹ̀ jẹ́ ọdẹ, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo kọ́kọ́ gbà pé òwe náà ti dá ajá mi lẹ́bi. Ọjọ́ tí mo bi bàbá náà léèrè bí ajá ọdẹ ṣe ń mọ fèrè gan-an ló tó sọ èyí tó kù fún mi: pé kí bàbá òun tó mú ọmọ ajá wọ igbó, ó ti ń fun fèrè fún un ní ẹ̀yìnkùlé láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ẹ̀là ẹran a sì máa tẹ̀lé fèrè náà ní gbogbo ìgbà. A kò bí ajá kankan mọ́ fèrè. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín kò jìnnà sí iṣẹ́ ọdẹ yẹn, àfi pé títì Ìbàdàn ni igbó tiwa.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé ìṣòro méjì ló wà nínú rẹ̀, a sì ń pe méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo: “Ajá mi ń fà.” Ìṣòro kìíní ni fífà gan-an, èyí tó jẹ́ ìwà tí ajá kọ́ nítorí pé ó rí èrè nínú rẹ̀. Ìkejì ni ọkàn tí kò dúró sójú kan: ohun tó wà láyìíká ti gba ọkàn ajá náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ pé ẹnì kan wà ní ìdí okùn. Ajá kan lè ní ìkíní láìní ìkejì, òmíràn sì lè ní méjèèjì pọ̀. Oògùn wọn kò rí bákan náà, bí a bá sì fi oògùn ọ̀kan wo èkejì, a ó kan máa dá ara wa àti ajá lágara ni.

Ó rọrùn láti mọ èyí tó ń bá yín jà. Ẹ mú ajá náà rìn nínú ọgbà yín, nígbà tí kò sí àlejò, tí adìyẹ kò sì sí nítòsí. Bí ó bá ń fà níbẹ̀ pẹ̀lú, fífà ni ìṣòro àkọ́kọ́ tí ẹ ní. Bí ó bá ń rìn dáadáa nínú ọgbà, ṣùgbọ́n tí ó di ajá mìíràn bí ẹ bá ti ṣí géètì, ọkàn rẹ̀ ni ẹ ní láti bá ṣiṣẹ́. Tèmi ní méjèèjì, mi ò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi dán èyí wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo fífà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ajá ní, ìrìn tó bá a lára mu sì yá ju ìrìn ènìyàn lọ; ìrìn tiwa, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan, falẹ̀ jù lójú rẹ̀. Nítorí náà, okùn á le láìjẹ́ pé ajá náà ní èrò búburú kankan. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí okùn ti le ló ṣe pàtàkì. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ̀lé e, ajá ti kẹ́kọ̀ọ́ pé bí òun bá fa okùn, òun á dé ibi tí òun ń lọ. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Edward Thorndike, ti ológbò mọ́ inú àpótí, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà jáde, ó sì tẹ èsì iṣẹ́ náà jáde ní 1898. Ohun tó rí ni pé ìwà tí èrè bá tẹ̀lé ni ẹranko ń tún hù, èyí tí kò bá mú nǹkan kan wá a sì máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lójú ajá tó wà nínú okùn, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni èrè. Ìṣísẹ̀ kan síwájú jẹ́ èrè, òpó iná tó ń fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ jẹ́ èrè, ewúrẹ́ tó sún mọ́ sí i náà jẹ́ èrè. A ti ń sanwó fún fífà láìmọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà ni pé a máa ń kọ̀ fún un lónìí, a ó sì gbà fún un lọ́la. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, a á dúró. Bí a bá ń kánjú kí a lè tètè wọ ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, a á jẹ́ kó máa wọ́ wa lọ. Ẹ ronú nípa ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí ó bá jẹ́ pé kò jẹ rí, ì bá ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Jíjẹ tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì mọ ìgbà tí yóò tún jẹ, ni kò jẹ́ kó lè kúrò nídìí rẹ̀. Ajá tí fífà ń ṣiṣẹ́ fún lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́wàá yóò bá wa ṣe agídí ju ajá tí fífà ń ṣiṣẹ́ fún ní gbogbo ìgbà lọ, nígbà tí a bá wá fẹ́ gba ìwà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọkàn tí kò dúró, imú ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà wíntínwíntín tó ń gba òórùn nínú imú ènìyàn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 sí 6. Ti ajá bẹ̀rẹ̀ láti bíi mílíọ̀nù 100, ó sì lè tó mílíọ̀nù 300 lára àwọn irú ajá kan. Bí ajá bá ń mí síta, afẹ́fẹ́ ń gba ojú tó là sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ jáde, kí ó má baà lé òórùn tuntun tó ń wọlé padà. Yorùbá kò ṣìnà nígbà tó ní a ń “gbọ́” òórùn, nítorí pé ajá ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn. Ní ìdí òpó iná tí àwa kò tilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ajá ti mọ̀ pé akọ kan kọjá lánàá, pé abo kan ń wá akọ. Ẹ wá fi àkàrà oríta kún un, ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ inú gọ́tà kún un, kí ẹ sì fi ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn ọmọdé tó ń sáré lọ sílé ìwé lé e lórí. Ajá tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ láàárín gbogbo èyí kò fi olówó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ọjà Bódìjà. Bí ajá náà bá wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ààbọ̀, ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nìyẹn, ọkàn rẹ̀ á sì tún fẹ́ lọ káàkiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; èyí ló ń jẹ́ kí àwọn kan rò pé ajá tó ti mọ nǹkan tẹ́lẹ̀ ti ya òmùgọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwa ará ìlú yìí kì í fẹ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ajá wa ló ń wà nínú kéèjì láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí a ó sì tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́wàá kí wọ́n máa ṣọ́ ilé. Ajá tí ojú rẹ̀ kò rí ju ògiri mẹ́rin lọ fún wákàtí méjìlá kò lè jáde síta kó má ya wèrè. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ ní ìrìn, ẹ kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ nínú ọgbà fún bí ogún ìṣẹ́jú, kó sáré, kó tọ̀, kó gbóòórùn ilẹ̀, kí ẹ tó fi okùn sí i. Èyí nìkan mú ìdajì wàhálà kúrò lọ́rùn mi.

Ní ti pé ajá fẹ́ jọba léni lórí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí pé ó ti mú kí wọ́n na ọ̀pọ̀ ajá láìṣẹ̀. Ní 1947, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Rudolph Schenkel kọ nípa àwọn ìkookò tí wọ́n kó sínú ọgbà ẹranko ní ìlú Basel, ní Switzerland. Àwọn ìkookò náà ń bá ara wọn jà fún ipò, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti fa èrò yọ pé gbogbo agbo ìkookò ní ọ̀gá tó fi agbára gba ipò, àti pé ajá náà ń wá irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa. Nígbà tó yá, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, David Mech, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìkookò nínú igbó gan-an, kọ̀wé ní 1999 pé agbo inú igbó sábà máa ń jẹ́ bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn. Àwọn òbí ló ń darí, bí òbí ṣe ń darí ọmọ níbi gbogbo. Àwọn ti Basel dà bí àlejò tí a kó pọ̀ sínú yàrá kan tí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́. Ajá tó ń fà yín lọ sídìí súyà kò wá oyè kankan. Súyà ló ń wá.

Kí ajá tó jáde, ẹ rí i dájú pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, èyí tí a ń gún fún ọmọ ajá láti bí oṣù mẹ́ta, tí a sì ń tún gún lọ́dọọdún. Ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ń ṣe é, àwọn dókítà ẹranko tó wà káàkiri ìgboro náà ń ṣe é. Bí ajá èyíkéyìí bá sì bu ènìyàn jẹ lójú ọ̀nà, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró wo ohun tí ajá náà yóò dà.

Okùn aláṣọ tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì ló dára. Ṣéènì wúwo débi pé ajá kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí okùn dẹ̀ àti ìgbà tó le, ìyàtọ̀ yìí gan-an sì ni a fẹ́ kọ́ ọ. Dípò ọ̀já ọrùn, mo fara mọ́ ọ̀já tó gba àyà àti èjìká, pàápàá èyí tó ní òrùka níwájú àyà, nítorí pé bí ajá bá fà á, ara rẹ̀ á yí padà sọ́dọ̀ yín. Fún ajá kékeré bíi Lhasa, ọ̀já ọrùn lè tẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi máa wúkọ́. Ọ̀já àyà kì í kọ́ ajá ní nǹkan kan o. Ó kàn ń dín agbára fífà kù kí ẹ̀yin lè ráyè kọ́ ọ ni.

Ní ti oúnjẹ èrè, ẹ má wulẹ̀ ná owó púpọ̀. Fùkù màlúù tí a bọ̀ láìsí iyọ̀, láìsí ata, tí a sì gé wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà, ajá a máa fẹ́ràn rẹ̀ ju bísíkíìtì tí wọ́n kó wá láti òkè òkun lọ. Ẹ má fi àlùbọ́sà sí i, nítorí pé ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ohun tí ó bá jẹ lójú ọ̀nà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ alẹ́ rẹ̀.

Inú ọgbà ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, láìsí okùn rárá. Ẹ pe orúkọ ajá, ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó bá gbé ojú wò yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ti yàn, irú bíi “Gbà!”, kí ẹ sì fún un ní fùkù. Ọ̀rọ̀ náà ń dúró fún fèrè ọdẹ: ó ń sọ fún ajá pé ohun tó ṣe ní àkókò yẹn gan-an ló mú ẹran wá. Bí ó bá falẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, ajá á rò pé nǹkan mìíràn ni ẹ ń sanwó fún. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, mo sì mọ ajá kan tó ń jẹ́ Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ yìí, ẹ gé orúkọ náà kúrú. Tanímọ̀la ni tèmi ń jẹ́, “Tani” ni mo sì ń pè é, àlejò tó bá gbọ́ a máa rò pé mò ń béèrè ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ má pe orúkọ náà léraléra bí kò bá dáhùn. Orúkọ tí a pè nígbà mẹ́wàá láìsí èsì ti di ariwo lásán.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi okùn sí i, kí ẹ sì máa rìn nínú ọgbà kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí okùn bá dẹ̀ tí ajá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ máa sọ “Gbà!”, kí ẹ sì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún yín, kì í ṣe níwájú, nítorí pé ibi tí ẹran bá ti ń jáde ni ajá yóò máa dúró sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lè fún un lẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì méjì. Nígbà tó bá yá, ìṣísẹ̀ márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Bí okùn bá le, ẹ dúró. Ẹ má fà á padà, ẹ má bínú, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn dúró bí igi ìrókò. Ajá á fà síwájú, á wo ọ̀tún, á wo òsì, lẹ́yìn náà á yí orí padà láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Bí okùn bá ti dẹ̀, ìrìn á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe èyí, ogún ìṣẹ́jú ni a fi rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé géètì, ìyàwó mi sì yọjú láti fèrèsé béèrè bóyá nǹkan jábọ́ ni mò ń wá.

Ẹnu géètì jẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Bí a bá jẹ́ kí ajá fò jáde bí ọta ìbọn, a ti jẹ́ kó mọ̀ pé sísáré ni ìrìn òde. Ẹ dúró, ẹ ṣí géètì díẹ̀. Bí ajá bá sún síwájú, ẹ ti géètì padà. Bí ó bá dúró jẹ́jẹ́ tó sì wò yín, géètì á ṣí. Kò gba ẹran rárá, òde gan-an ni èrè.

Ní òde wàyí, ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni jíjìnnà, àwọn tó ń kọ́ ajá sì sábà máa ń fo ibí yìí kọjá. Fún gbogbo ohun tó ń gba ọkàn ajá, ibì kan wà tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ajá yóò fi rí nǹkan náà, ṣùgbọ́n tí yóò ṣì lè gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí yóò sì ṣì lè jẹun. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yín kò wọlé mọ́. Ẹ kò nílò ìwọ̀n kankan láti mọ̀ ọ́n: bí ajá tó fẹ́ràn fùkù bá kọ̀ láti jẹ ẹ́, ẹ ti sún mọ́ jù. Ẹ padà sẹ́yìn. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Tani á wo ewúrẹ́, màá dákẹ́, bí ó bá yí ojú sí mi fúnra rẹ̀, “Gbà!”, fùkù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a dé ogún ìṣísẹ̀. Ní oṣù kan, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Ọjọ́ kan wà tí ewúrẹ́ kan bí ọmọ méjì, tí àwọn ọmọ náà ń fò sókè sódò, a sì padà sí ogójì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ohun tó ń gba ọkàn ló lágbára sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn á mú ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn lọ sí Ìwó Road ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á sì wá sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ a-bí-dí, a kì í fún un ní ìwé ìdánwò àṣekágbá.

Ọkàn tó ń lọ káàkiri yìí kan náà lè di èrè. Ní 1959, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, David Premack, ṣàlàyé pé ohun tí ẹ̀dá fẹ́ ṣe púpọ̀ lè jẹ́ owó iṣẹ́ fún ohun tí kò fẹ́ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó tipẹ́: gbálẹ̀ tán kí o tó lọ ṣeré. Bí Tani bá bá mi rìn ní okùn dídẹ̀ fún ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ìdí òpó iná, màá sọ pé “Ó yá, lọ gbọ́”, á sì gbóòórùn títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ó bá fà mí lọ síbẹ̀, òpó náà á jìnnà sí i, nítorí pé màá yí padà. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ọ̀nà tó yá jù láti dé ibi òórùn ni kí òun rìn jẹ́jẹ́. Ẹ má gba gbígbóòórùn lọ́wọ́ ajá pátápátá. Ìrìn tí kò ti gbóòórùn kankan kì í ṣe ìrìn lójú rẹ̀.

Àwọn ajá tí kò ní okùn yóò pàdé yín, èyí kò ṣeé yẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ má sáré. Ẹ fi ara yín sáàárín àwọn méjèèjì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa òkúta. Ajá ìgboro tó ti mọ ohun tí bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà túmọ̀ sí sábà máa ń padà láìsí pé ẹ ju nǹkan kan. Ẹ tún rántí àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù ajá, àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí kì í sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ wọn, pàápàá bí wọ́n bá ń lọ kírun. Ẹ fa okùn mọ́ra, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì, kí ẹ sì kí wọn láti ibẹ̀. Alhaji kan ní àdúgbò wa tí kì í fẹ́ rí Tani rárá tẹ́lẹ̀ ti ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ báyìí, láti òdìkejì títì.

Ẹ jáde kí oòrùn tó mú, tàbí lẹ́yìn tó bá ti rọlẹ̀. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì. Bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méje, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà kò lè fara dà á.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé. Kí gbogbo ará ilé sì mọ òfin kan náà, nítorí pé bí ẹ̀yin bá ń dúró tí ọmọkùnrin yín sì ń bá ajá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tẹ́tẹ́ ni ẹ jùmọ̀ ń kọ́ ajá náà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń kánjú, tí ẹ kò ní ráyè dúró, ẹ fi okùn náà sí òrùka ẹ̀yìn ọ̀já àyà dípò ti iwájú. Ajá á mọ̀ nígbà tó bá yá pé òrùka iwájú ni ti ẹ̀kọ́, kò sì ní ba èyí tó ti mọ̀ jẹ́.

Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí èmi àti Tani tó lè rìn láti ilé dé ojú títì ńlá kí a sì padà láìsí pé okùn le ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ewúrẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan mọ́, ọ̀kadà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá alákàrà sì ń pè é ní ọmọ dáadáa. Súyà alẹ́ Sátidé nìkan ló kù. Bí a bá ti rí èéfín rẹ̀ lókèèrè, mo máa ń wo Tani, Tani á wo èéfín, a ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sílé.